Omi Inú Ìgò Ìtọ̀ Bàbá

                                        Yàrá Àwọn Alábòójútó Aláìsàn,
                                        Òkè Kẹta, Ilé-ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò wa. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, àfi àtàǹpàkò mi tí èkejì mi, ìbejì mi, gé jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni o, a jà. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn Bàbá. Ayùn ni wọ́n fi la egungun àyà wọn bí ẹni ń la pákó. Wọ́n yọ iṣan lẹ́sẹ̀, wọ́n fi la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ níbi tí ti àtijọ́ ti dí. Wọ́n dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ àti atẹ́gùn bá rọ́ padà sínú ẹran ara tí ebi ti ń pa, ohun kan máa ń ti ibẹ̀ jáde tó ń jẹ ara bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin, kíndìnrín ló sì sábà máa ń fara gbá a. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogójì ọdún làwọn ti fi bá ìpẹtà jà nídìí iṣẹ́ jórinjórin.

Ìtọ̀ la fi ń mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́; bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ni wọn yóò fi fọ ẹ̀jẹ̀ Bàbá. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀, Bàbá ń tọ̀ sínú ìgò, nọ́ọ̀sì á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ló ń dúró tì wọ́n láàárọ̀, èkejì mi ló ń gbà á lọ́sàn-án. Ìgò ń kún, inú wa ń dùn. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ojú Bàbá wú, ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n ń mí gúlegúle. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò ọ̀sán ọjọ́ náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní omi lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti ń bu omi là á.

Ẹ mọ inú mi. N kò bèèrè. Èkejì mi ló wà níbẹ̀, bíríkìlà sì ni, kò sí ohun tí kì í bu omi sí. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi orí kàn án nímú. Ó gbá mi mọ́ ògiri, ó gé àtàǹpàkò mi jẹ kanlẹ̀ dé eegun. Mo kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, eyín méjì fò jáde, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Bẹ́ǹṣì tí àwọn àlejò ń jókòó sí fọ́ lábẹ́ wa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló wọ́ wa lọ sí yàrá wọn.

Ibẹ̀ la wà tí nọ́ọ̀sì fi sáré wá pè wá. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ dé, Bàbá sì ti fa rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ wọ́n lọ́rùn yọ. Ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà, Bàbá ń ju ife lu àwọn nọ́ọ̀sì, Bàbá ń pariwo pé, "Èmi ni mo ń bu omi sí i! Ẹ̀rọ kan ti mu ẹ̀jẹ̀ mi, òmíràn ò ní mu ún!" Omi mímu wọn ni wọ́n ń dà sí ìgò bí a bá ti kọjú sí fèrèsé, láàárọ̀ pẹ̀lú, lójú èmi gan-an! Èkejì mi tí ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ló dùbúlẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀, èmi di apá mú, Bàbá ń ṣépè fún wa títí àwọn nọ́ọ̀sì fi dè wọ́n mọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tì mí. Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan, èmi ti yọ eyín ẹni tí a bí mọ́ mi kí n tó rántí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Dókítà ní bí kíndìnrín kò bá jí lọ́sẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni Bàbá yóò máa lò títí ayé.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ má pe Bàbá láti bá wọn jà, èyí tí a jà ti tó.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé kí èkejì mi tó jáde sí mi báyìí. Ìgò ló gbé lọ́wọ́. Ìtọ̀ inú rẹ̀ kò ju ìdajì ife lọ, ó pọ́n bíi tíì, nọ́ọ̀sì sì ní kò sẹ́ni tó bu omi là á. Èkejì mi nà án sí mi, ó la ẹnu wíwú náà, ó ní, "Gbà, yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ, kó o má bàa tún lù mí."

Èmi ni àbúrò yín tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu lọ,
Abínú-bí-iná