Àpò Yanrìn Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kínní

Ẹnu ṣì ń yà mí. Wọ́n ní ìjì ń bọ̀ lálẹ́ yìí, pé odò lè kún wọ Thamesmead, àdúgbò wa. Mo sáré lọ ra tọ́ọ̀ṣì ní ọjà Beresford Square. Ìgbà tí mo délé, bàbá òyìnbó tó ń gbé ilé ẹ̀gbẹ́ tiwa, tí wọn kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn, ni mo bá tí wọ́n ń to àpò yanrìn sẹ́nu ọ̀nà wa! Ẹnu ọ̀nà tiwọn ṣófo.

"Tiyín dà, sà?"

"Kò tó. Ìwọ lo ní ọmọ. Omi ló gbé àbúrò mi lọ nígbà tí mo wà ní kékeré."

Mo kàn di ọwọ́ wọn mú, mo mú wọn wọlé.

Wọ́n ti sùn sí yàrá òkè wa báyìí. Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn.