Ibùsùn Tí Kò Ṣeé Fi Tọrẹ

                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò pa á lára jù? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn yẹn, ṣé ó ṣì ń fi oúnjẹ sẹ́nu láìgbé e mì, bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn ṣọ́ ọ? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti ń gbé aláìsàn dìde, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Ní tiwa, a wà, àmọ́ a kò pé mọ́.

Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ pé n kò lè sọ nǹkan gidi fún ọ lórí fóònù. Ò ń bi mí pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, èmi ń sọ pé ó ti lọ, ó ti lọ, bí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ míì í sọ. Ní báyìí tí àwọn abánikẹ́dùn ti padà sílé wọn, tí ilé dá páropáro, mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an. Ìwọ ló tọ́ sí jù. Ìwọ àti Rọra ọkọ mi lẹ jọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ ti ìjọba, ìwọ nọ́ọ̀sì, òun ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ìwọ náà lo sì fún un lórúkọ yẹn, nítorí bó ṣe máa ń sọ pé “rọra, rọra” fún kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ létí.

O kò tíì rí bí ibẹ̀ ṣe dà látìgbà tí wọ́n ti tà á. Bẹ́ńṣì gígùn ẹnu yàrá dókítà kò sí mọ́. Àga onírin ló kù, tó ní apá lọ́tùn-ún lósì, oníkálukú wà nínú tirẹ̀ bí ẹyin nínú páálí. O rántí bí a ṣe ń ṣe lórí bẹ́ńṣì yẹn. Ẹni tó bá dé á jókòó sí ìparí, a ó máa sún títí yóò fi kàn án. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, Rọra á kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ló le jù?” Kì í ṣe dókítà ló ń dá a lóhùn, àwa tí a jókòó ni. A ó wo ara wa lójú. Ẹni tí orí ń fọ́ á ní ìyẹn tó gbọ́mọ dání ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbọ́n jù, tó dibọ́n pé òun ń kú lọ, àwọn yòókù á ní, “Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ odindi búrẹ́dì tán ní ojú wa báyìí?” Ẹ̀rín á sọ, bàbá á padà jókòó. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Ìjọba ní agbára àwọn kò ká a mọ́. Olówó kan rà á. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó kun ògiri, ó ra ẹ̀rọ tuntun, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Wọ́n ní kí Rọra máa lọ sílé, nítorí kẹ̀kẹ́ tuntun ní ẹ̀rọ lára. Ẹni tí kò lówó kò kọjá ẹnu géètì mọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, ọkùnrin yìí kan náà dá Àjọ Àánú sílẹ̀, ó ní ibùsùn kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, fún ẹni tí àjọ bá yàn. Ó tún ń fún àwọn arúgbó bíi mélòó kan ní oògùn. Bàbá Àánú ni gbogbo èèyàn ń pè é báyìí. Ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tó ń gba oògùn náà, nítorí àtọ̀gbẹ tó ti mú púpọ̀ nínú ojú rẹ̀. O mọ ẹnu Màmá. Ó ní, “Ẹni tó ra odò tán ló ń bu omi ife kan fún wa yìí, ẹ wá ní kí n kúnlẹ̀.” Rọra ní, “Màmá, ẹ ṣáà ń mu oògùn ẹni ẹlẹ́ni.” Màmá ní, “Mo ń mu ún, mo sì ń sọ̀rọ̀. Ẹnu mi gba méjèèjì.”

Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín Rọra dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oúnjẹ kò wọlé mọ́. Akọ̀wé àjọ, ọmọbìnrin kan tí Rọra ti ti ìyá rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ rí, dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá, wọ́n sì yàn án. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Mo rán ẹ̀wù tuntun fún un, nítorí wọ́n ní àwọn máa ya fọ́tò.

Ìgbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, a bá bíríkìlà kan níbẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì dàgbà. Ojú rẹ̀ wú débi pé kò lè là á tán, mímí rẹ̀ ń dún bí ayùn tó ń gégi. Ìyàwó rẹ̀ di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà. Wọ́n wá bẹ àjọ ni, àjọ sì ní kí wọ́n dúró de ìgbà tí wọ́n bá tún máa yan èèyàn. Rọra dúró. Ó wo gbogbo àwọn tó wà lórí àga, ó béèrè pé, “Ta ló le jù?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọn kò mọ ohun tó ń sọ.

Ó yíjú sí akọ̀wé, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí eléyìí kọ́kọ́ lọ. Èmi lè dúró díẹ̀.”

Akọ̀wé ní, “Bàbá, ẹ̀yin la fún ní ibùsùn náà. Tẹ́ ẹ bá lẹ́ ò fẹ́, a óò dá a padà fún àjọ ni. Kò ṣeé fi tọrẹ.”

“Wọ́n fún mi, àmọ́ n kò lè fún ẹlòmíì?”

“Bó ṣe rí nìyẹn, sà.”

“A jẹ́ pé wọn ò tíì fún mi nìyẹn.”

Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́.” Ìyàwó bíríkìlà ló wá sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ máa wọlé, sà. Tẹ́ ò bá wọlé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wà níta.” Mo di apá ẹ̀wù Rọra mú. Ó wo ọwọ́ mi, ó wọlé.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn, ó ń jẹun, ó tún ń dápàárá. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a gbọ́ pé bíríkìlà ti kú. Rọra kò kọ̀ láti máa lọ, kò jẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré nítorí tèmi. Ó kàn jẹ́ pé tó bá dé, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa wo ilẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń rò. Ó ní bí òun bá gbé orí lé ìrọ̀rí ibẹ̀, ó ń ṣe òun bíi pé ẹlòmíì ló ti sùn sí i tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó lọ, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá omi ìwẹ̀ ti gbóná. Mo lọ wò ó. Nígbà tí mo padà dé láti sọ fún un pé ó ti gbóná, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́.

A kò tíì sin ín pẹ́ tí akọ̀wé fi wá. Ó ní fọ́tò tí wọ́n yà lórí ibùsùn ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn, àjọ fẹ́ ṣe àjọyọ̀, kí n wá dúpẹ́ níwájú èrò. Ó wá wolẹ̀, ó ní, “Oògùn Màmá náà ṣì ń jáde dáadáa, àbí? Ẹ dákun, ẹ wá, mà.” N kò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni tàbí ó ń kìlọ̀ fún mi. Bóyá òun náà kò mọ̀. Mo gé apá aṣọ oníbàárà sódì lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá kọ̀, kí ni Màmá á máa mu? Tí mo bá lọ, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bi Màmá. Ó ní, “Má fi mí ṣe àwáwí. Bó o bá máa lọ, lọ sọ òótọ́. Bí o kò bá ní sọ òótọ́, jókòó ti ẹ̀rọ rẹ.”

Mo lọ. Bàbá Àánú fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá di apá mi mú lórí àtẹ̀gùn. Ó ti dàgbà ju bí mo ṣe rò lọ, ó ń wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, mo sì dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ó fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi fún ìgbà díẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ yín kúrò lára ibùsùn yẹn, ẹ jẹ́ kí ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le jù máa sùn sí i. Nígbà tó jẹ́ ti gbogbo wa, a kò mọ ẹni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ a ń wọlé.”

Bàbá Àánú kò bínú. Ó wò mí pẹ́, ó ní, “Ìyá, bí mo bá yọ orúkọ mi, ta ló máa mọ̀ pé mo ṣe é?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Mo rí ojú rẹ̀, kì í ṣe àwàdà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, “Ẹni tó bá jí níbẹ̀ á mọ̀, sà.” Wọ́n yára ki orin bọ̀ ọ́, wọ́n gba makirofóònù lọ́wọ́ mi.

Látìgbà náà, bí mo bá dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn, wọ́n á ní orúkọ Màmá kò tíì jáde, kí n padà wá. Mo ti padà lọ títí. Kò sẹ́ni tó bú mi, wọ́n kàn ń ní kí n padà wá ni. Mo mọ̀ ọ́, o ti fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kó o tó ka lẹ́tà yìí tán. N kò ní gbéra ga, màá gbà á, màá sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ lókèèrè ńkọ́?

Lánàá, ìyàwó bíríkìlà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ ní gbọ̀ngàn. Ojú tì mí, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ọwọ́ sí, mo bá kó àwọn ẹ̀wù Rọra tí mo ti lọ̀ jáde, mo ní kó mú un fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá dàgbà sí i. Ó fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, “Ẹ má fún mi ní nǹkan kan lónìí, mà. Látìgbà tó ti kú, gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń fún mi ní nǹkan, wọ́n á sì yára lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó.” A jókòó. Ìgbà tó yá, a kò lè mú ẹkún mọ́ra mọ́.

Màmá pariwo láti inú yàrá pé, “Ta ló ń sunkún níbẹ̀ yẹn?”

Mo ní, “Àwa méjèèjì ni, Màmá.”

Ó ní, “Ó dáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan dá a sun.” Ó sì ń tọ ògiri bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Màmá ní kí n kí ọ, ó ní kó o máa tọ́jú ẹ̀yìn rẹ, kó o má tíì máa gbé ẹni tó sanra. Kọ̀wé sí mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni, bó ti wù kó rí,

Ìyàwó Rọra.