Ẹni Tí Mo Fi Orúkọ Ikọ́rọlẹ̀ Lé Lọ́wọ́

Èmi, Alhájà Rábíátù Àbẹ̀ḿbí Sàláwù, apòògùn, ẹni ọdún mẹ́tàlélàádọ́rin, ará Bódìjà n'Ìbàdàn, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí. Ẹni tó bá ní mo ti ń ṣarán, kó tètè wá dán mi wò kí n tó lọ.

1. Abdulhafeez, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ́yà ní Ring Road, ni amúhàágúnṣẹ mi, ẹni tí yóò mú ìwé ìhágún yìí ṣẹ lẹ́yìn ikú mi.

2. Ilé Bódìjà àti ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Mọ́kọ́lá, kí Lẹ́mọ́ọ̀mù pín wọn fún àwọn ọmọ mi bí Ṣàríà ṣe là á sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta tí ẹ̀sìn fi sọ́wọ́ mi ni mo ń pín nísàlẹ̀ yìí.

3. Òṣùwọ̀n idẹ mi di ti Olúwapamílẹ́rìn, tó bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá tí kò ṣi oògùn wọ̀n rí. Ó máa ń gbàdúrà Aládùúrà sí i kó tó lò ó. Mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

4. Orúkọ Ikọ́rọlẹ̀, oògùn ikọ́ tí mo fọwọ́ ara mi pò, àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mánsúrù ọmọ mi, mo mọ̀ pé èyí gan-an lò ń retí. Ìwọ ni mo ní kó o máa sanwó sọ àdírẹ́ẹ̀sì náà dọ̀tun lọ́dọọdún, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 2021, o gbàgbé. Àjèjì kan gbà á, ó ń fi orúkọ mi ta omi ṣúgà. Àwọn abiyamọ ń gbé ọmọ tí ikọ́ ń dà láàmú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń gbé mi ṣépè. Ó dùn mí wọra.

Mo pe àjèjì náà lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 2012 ni mo forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òun ní láti 2009 làwọn ti ń lò ó. Ìwé mi kò dàgbà tó irọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí kàlẹ́ńdà tí a tẹ̀ lọ́dún 2004 nígbà tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù, bí gbogbo wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́: fọ́tò ọkọ wa, ìgò Ikọ́rọlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa ń tọ́jú kàlẹ́ńdà àtijọ́? Qonitah nìkan, orogún mi ní Moniya, tí n kò kí mọ́ láti ọjọ́ fìdáù ọkọ wa, nígbà tí mo sọ níwájú gbogbo èrò pé torí ogún ló ṣe fẹ́ ẹ.

Mo lọ. Ó fún mi níjókòó, ó sì yọ kàlẹ́ńdà náà lára ìṣó, ó nù ún, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Torí Bàbá ni mo ṣe gbé e kọ́, ìyálé mi, kì í ṣe torí yín."

Mo gbé e síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n rí i pé 2004 ṣáájú 2009. A jàre. Èmi tí n kò mọ kọ̀ǹpútà tàn, mo gba orúkọ mi lọ́wọ́ ẹni tí n kò rí ojú rẹ̀ rí! Nítorí náà, Qonitah ni mo fún ní orúkọ náà àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Mánsúrù, máa po oògùn rẹ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kó o ti máa tọrọ orúkọ. Ìyá ni kó o máa pè é.

5. Kàlẹ́ńdà náà ṣì wà ní pálọ̀ mi. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n dá a padà. Kí Abdulhafeez gbé e fún Qonitah lọ́jọ́ fìdáù mi, kó sì kéde pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Níwájú èrò ni mo ti sọ ọ́, níwájú èrò ni kó ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kó bá a gbé e kọ́. Ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Mo fọwọ́ sí i n'Ìbàdàn, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2025.
R. Àbẹ̀ḿbí Sàláwù

Ìṣojú wa ló ti fọwọ́ sí i:
Ikrimah Mùstàfá, oníṣòwò, Baṣọ̀run
Fọláyọ̀ Jẹ́jẹ́lọlá, tíṣà, Àgbowó