Ẹja Òkun Méjì Nínú Pálọ̀ Ìyá Rẹ

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń bẹ, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ kò pa ọ́ lára? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, inú ọ̀gá rẹ yóò máa dùn sí ọ láìnídìí. Àmín. Èmi náà wà. Orúnkún mi ń dùn mí bó ṣe ń dùn mí tẹ́lẹ̀, kò lé, kò dín, nítorí náà má béèrè rẹ̀ mọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn dojú kọ tiwa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti sọ fún wọn pé ohun tí mo bá sọ ni kí wọ́n kọ. Wọ́n ní gbólóhùn mi gùn jù. Mo ní ẹnu tèmi ló ti ń jáde, kí wọ́n máa fi bírò tẹ̀ lé e.

Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́. Ewúrẹ́ káfíńtà bí méjì, káfíńtà sì ń rìn káàkiri àdúgbò bíi pé òun ló bí wọn. Owó tí o ní o fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi kò dé inú rẹ̀ o. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí n mẹ́nu bà á fún ọmọbìnrin tó ń ta káàdì. Ó wo fóònù mi, ó ní kí n má dààmú, ó sì ki ọwọ́ bọ inú báàgì tirẹ̀, ó ka iye tí o sọ gan-an fún mi. Ọmọ ọlọ́mọ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní àwọn máa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tí a bá kọ̀wé tán. Mo ní kí ni àlàyé nínú oore, kí wọ́n máa kọ lọ.

Ohun tí mo torí ẹ̀ jókòó nìyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé láti wá gbé gíláàsì ẹja lọ. Kó tó pè ọ́ láti sọ ọ́ bó ṣe wù ú, mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O rántí ọjọ́ tí o mú mi lọ wo ojú mi nílé ìwòsàn, tí gíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí à ń jókòó sí, tí ẹja òkun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò dáhùn. Mo ní mo fẹ́ irú rẹ̀ nílé. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín, mo sì kíyè sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní àwọn tó kàwé gboyè ń sin ẹja òkun, ó ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ ní kí wọ́n ju gíláàsì àtijọ́ ọ́fíìsì yín nù, tí o gbé e sórí itan nínú bọ́ọ̀sì wá fún mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí á dá oṣù mẹ́ta. Bí ẹja bá kú kí oṣù mẹ́ta tó pé, gíláàsì di tirẹ̀, òun á gbé e sí pálọ̀ òun, torí pé òun lè ka ìlànà. Mo gbà. Ì bá ṣe pé kò tíì lé ní àádọ́ta ọdún ni, ǹ bá fọ́ ọ létí.

Owó tí o fún mi láti fi bẹ̀rẹ̀ kéré, ìwọ náà mọ̀ pé ó kéré. Mo ná an bí mo ṣe fi owó oúnjẹ tọ́ ẹ̀yin mẹ́fà. Káfíńtà ní tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ máa gbé gíláàsì náà. Mo ní kó gorí rẹ̀ kí n wò ó. Ó gorí rẹ̀, tábìlì ń mì. Mo ní omi tí mo fẹ́ dà síbẹ̀ wúwo jù ọ́ lọ, sọ̀kalẹ̀. Ó fi pákó ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣe ẹsẹ̀ méjì sí i, ó sì kan pákó mìíràn mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, àlòkù ni mo rà. Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, n kò rà á rárá, torí pálọ̀ mi fúnra rẹ̀ ń mú omi gbóná. Iyọ̀ nìkan ni n kò ṣahun lé lórí. Káfíńtà ní kí n lọ bu iyọ̀ ọbẹ̀, pé iyọ̀ ni iyọ̀. Ó fẹ́ẹ̀ wọ̀ mí létí, torí iyọ̀ omi òkun tí wọ́n ń tà nínú àpò gbówó lórí. Ṣùgbọ́n o ti sọ fún mi pé nǹkan pọ̀ nínú omi òkun ju iyọ̀ tí ẹnu ń tọ́ wò lọ. Ẹja ni mo fẹ́ sìn, n kò fẹ́ sè é. Mo ra ti inú àpò.

O tún ní òkúta tí a máa kó sínú rẹ̀ wà láàyè. Mo ra mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin ẹlẹ́ja tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ibùdókọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo kí wọn. Wọn kò dáhùn, n kò sì bínú, àlejò ni wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo pe ẹlẹ́ja pé òkúta rẹ̀ ti kú o, kó wá kó wọn. Ó ní òkúta fúnra rẹ̀ kọ́ ló wà láàyè, àwọn nǹkan tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú ihò rẹ̀, àwọn ló máa ń jẹ ìdọ̀tí ẹja. Mo ní ṣé kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kó tó gbowó ni. Mo ṣì ń kí wọn, torí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, a máa ń kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni omi fi wà láìsí ẹja, bí o ṣe ní kí n ṣe, tí mò ń wọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀ kí àwọn tíntìntín náà lè rí nǹkan jẹ. Káfíńtà ń kó èèyàn wá wo màmá tó ń fún omi lóúnjẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Màmá, ṣé omi ti yó? Mo ní ó yó ju ìyàwó rẹ lọ. Láti ọjọ́ náà ó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Nígbà tí àkókò tó, mo lọ ra ẹja. Ẹlẹ́ja ní kí á kọ́kọ́ kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù kan. Ó béèrè iye ọdún tí mo ti fi ṣe é, mo ní kó kọ márùndínlọ́gọ́rin. Ó ní iye ọdún tí mo ti ń tọ́jú ẹja lòun ń béèrè. Mo ní láti ìgbà tí mo ti lè dá dúró ni mo ti ń tọ́jú nǹkan, kó má fi ìyàtọ̀ kékeré dá mi dúró. Ó kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì tó ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi béèrè pé èèyàn mélòó ló ń bá mi gbélé, mo ní méjì. Ó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mo ní wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́.

Àwọn ẹja náà kò ju àtàǹpàkò mi lọ, awọ wọn dà bí èèpo ọsàn tó pọ́n, ìlà funfun sì dábùú ara wọn. Ẹlẹ́ja ní èyí tó tóbi ni ìyàwó, òun ló ń pàṣẹ, àti pé bí ìyàwó bá kú, ọkọ ló máa di ìyàwó. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ra wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí o pè mí lórí fóònù oníwòran pé o fẹ́ rí wọn, mo gbé ọ tì gíláàsì, mo sì jáde kúrò ní pálọ̀ kí ẹ lè ráyè ara yín. Nígbà tí mo padà, fóònù ti kú. Ẹ ti sọ̀rọ̀ jù.

Wàyí o. Ẹlẹ́ja fún mi ní ọ̀pá gíláàsì kékeré kan tó ń léfòó nínú omi, òun ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀. Nítorí pé n kò mọ nọ́ńbà, ó fi ọ̀dà èékánná pupa kun ojú ibi tó yẹ kí omi mọ. Lọ́jọ́ kìíní, ojú pupa náà gan-an ni omi mọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀pá ń yọ sókè, pupa ń jáde kúrò nínú omi. Inú mi dùn. Mo rò pé bí ọmọ ṣe ń ga ni, pé omi mi ń lágbára. Mo pe káfíńtà wá wò ó. Òun náà ní omi náà ń ṣe dáadáa.

Omi a sì máa lọ sílẹ̀ nínú gíláàsì, ìwọ̀n ìka kan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo gbà pé àwọn ẹja ló ń mu ún. Ohun tí wọ́n bá mu, irú rẹ̀ ni mo ń dá padà fún wọn, omi iyọ̀ tí mo pò gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ja ṣe kọ́ mi. N kò ṣahun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù mẹ́ta pé ni ọkọ kò jẹun mọ́. Ó fara ti òkúta, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìyàwó náà dúró tì í. Mo pe ẹlẹ́ja, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹni tó wá pè mí ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní kí n fi okùn wọn ẹnu ọ̀nà pálọ̀ mi, kí òun lè mọ̀ bóyá gíláàsì máa gba ibẹ̀ jáde. Mo ní mo ń se ọbẹ̀. Mo sì ń gbé ọbẹ̀ kaná lóòótọ́, ọbẹ̀ àná, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa gbé e kaná nìyẹn, ó ti gbẹ. Mo tọ́ ọ wò, ó níyọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ n kò fi ẹyọ iyọ̀ kan kún un láti àná. Mo dúró gbagidi, ṣíbí wà lẹ́nu mi.

Àbígbẹ̀yìn mi, mo lọ sí pálọ̀, mo ti ìka bọ omi ẹja, mo tọ́ ọ wò. Mo tọ́ omi iyọ̀ tí mo pò sílẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì wò. Wọn kò dọ́gba. Ti inú gíláàsì fẹ́ẹ̀ bó mi láhọ́n. Kì í ṣe ẹja ló ń mu omi náà, ooru ló ń fà á lọ, omi nìkan ló sì ń fà, ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Èmi wá ń bu iyọ̀ lé iyọ̀. Agbára tí mo fi ń yangàn, òun ló ń pa wọ́n. Èmi tí mo ti ń dáná láti kékeré ni n kò mọ̀ pé ìkòkò ọbẹ̀ ni mo gbé sórí tábìlì.

N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo bu omi iyọ̀ díẹ̀ kúrò, mo fi omi lásán tó mọ́ rọ́pò rẹ̀, ife kan láàárọ̀, ife kan lọ́sàn-án, ife kan nírọ̀lẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n da garawa kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ara tó ń ṣàìsàn kò fẹ́ ìjayà. Ó gba ọjọ́ márùn-ún kí ọ̀pá tó rì padà dé ojú pupa. Lọ́jọ́ kẹfà, ọkọ jẹun. Nígbà tí fóònù ẹlẹ́ja padà lọ, tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní kí n tún un sọ. Ó ní àwọn amòfin ló ń ra ẹja lọ́wọ́ òun, ohun tó pa ẹja wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú okùn àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wọlé, ó wo ẹja. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ń kà á, ó ń wo ọ̀pá, ó tún ń kà á. Ó ní nọ́ńbà yìí pé pérépéré, ta ló bá yín kà á? Mo ní ahọ́n mi ni. Ó ní kí n ṣàlàyé, mo ṣàlàyé fún un nípa ọbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gíláàsì tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àbúrò mi pé mo gbé okùn wá. Nítorí náà mi ò sọ fún ọ. Tíṣà ló kọ ọ́.

Fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra àpò iyọ̀ kan, àti omi lásán kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, àti ìdérí gíláàsì kí ooru yé jí omi mi gbé. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí n fún ọmọbìnrin tó ń ta káàdì ní owó rẹ̀ padà, kò dára ká jẹ ọmọ kékeré lówó. Má rán an gba inú fóònù.

Ọwọ́ rẹ yóò máa ròkè, àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ṣe gbé gíláàsì lórí itan nítorí mi, ohunkóhun tí wọ́n bá ní o kò lè ṣe, ojú wọn ni wàá ti ṣe é. Àmín. Mo ti tẹ ìka mi sísàlẹ̀ níbí. Bí o bá tọ́ bébà náà wò níbẹ̀ tó níyọ̀ díẹ̀, ojúlówó ni.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ni gíláàsì.