Àyè Méjì Tí Wọ́n Fún Bísọ́lá

                                        Basement, Ilé Kejìlélógójì,
                                        Falconridge,
                                        Calgary, Alberta,
                                        Kánádà.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2016.

Mùnírátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ààwẹ̀, o kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú ojú lọ́nà lẹ́tà mi. Báwo ni bàbá àwọn ọmọ? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹsẹ̀ Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí? Ìwọ alára, ṣé o ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ bó ṣe yẹ, àbí o ṣì ń fi pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí bí o ṣe máa ń fi oògùn ibà pa mọ́ fún mátírọ́ọ̀nù nígbà tí a wà ní School of Nursing? Má parọ́ fún mi, mo mọ̀ ẹ́ dáadáa.

Ààwẹ̀ tibí kì í ṣe eré. Nínú oṣù yìí, oòrùn Calgary kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi ń lọ lù, aago mẹ́ta ìdájí la sì ti máa ń jẹ sààrì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣì ń bá ṣiṣẹ́, nítorí wọn kò tíì fún mi ní ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì níbí. Mo ń gbé wọn dìde, mo ń wẹ̀ wọ́n, ọ̀fun mi á ti gbẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi wọ́, má rò pé ebi ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Mùnírá. Mo ṣe ohun kan, bàbá Bísọ́lá kò sì mọ̀. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹ lórí fóònù, nítorí pákó lásán ló pín àwọn yàrá inú basement tí a háyà sábẹ́ ilé onílé yìí. Ẹni tó bá wúkọ́ níhìn-ín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á kí i pẹ̀lẹ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. O mọ̀ pé iṣẹ́ epo ni Gbóyèga ọkọ mi ń ṣe láti ìgbà tí a ti dé. Nígbà tí iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì já wálẹ̀, orí àwa ará Calgary ló já lé. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kọkànlá tó kọjá, wọ́n pe àwọn bí ogójì wọ yàrá kan, wọ́n fún oníkálukú ní páálí kó fi kó ẹrù rẹ̀. Gbóyèga gbé páálí tirẹ̀ wọ train, ó gbé e délé, kò sì tíì tú u títí di òní. Ilé tí a ń rà ní Saddle Ridge bọ́ lọ́wọ́ wa nínú oṣù Kejì, la bá kó wá síbí. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń lọ aṣọ, tó ń kun bàtà, tó ń wọ train lọ sí láíbúrárì àárín ìlú láti máa kọ̀wé wáṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ṣì rò pé ọ̀gá ni níbi iṣẹ́. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Inú ipò yìí la wà tí ìwé Bísọ́lá fi dé. Ẹnjiníà bíi bàbá rẹ̀ ló fẹ́ ṣe, orí ọmọ náà sì pé. Ibi méjì ló fún un láyè: yunifásítì, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí kò jìnnà sí wa. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ènìyàn á ka ọdún méjì àkọ́kọ́, á wá kó èsì rẹ̀ lọ sí yunifásítì láti parí ìyókù. Transfer ni wọ́n ń pè é. Ṣe ló dà bí ẹni tó gba OND nílé tó wá fi Direct Entry wọ yunifásítì. Nínú oṣù Kẹrin, Bísọ́lá dúró níwájú àwa méjèèjì, ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lòun yàn. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá òun gbé ọmọ gun bàálù wá sí Kánádà kó lè wá ṣe NCE ni. Ọmọ ní, “Daddy, it's the same first two years. I'll transfer.” Èmi mọ ìdí tó fi yàn án, bàbá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, kò kàn sí ẹni tó lè dárúkọ rẹ̀ ni. Nítorí àìríṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo mú laptop Bísọ́lá láti fi tẹ ìwé kan tí wọ́n béèrè níbi iṣẹ́ mi. Bísọ́lá ti lọ síbi iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe ní ilé ìtajà. Mo bá lẹ́tà yunifásítì lójú ẹ̀rọ náà, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gba àyè tí wọ́n fún un. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn náà ń dúpẹ́. Ọmọ mi ti gba méjèèjì pọ̀.

Ìwọ nìkan ni mi ò ní ṣàlàyé fún bí ara mi ṣe rí. Ṣé o rántí Ọláyínká tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa? Ìgbà tí wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yunifásítì kan, tó tún wà nínú tiwa, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kó ṣe ìdánwò àṣekágbá, wọ́n sì lé e. Èmi àti ìwọ la bá a gbé àpótí rẹ̀ dé gáréèjì. Ó jókòó lé e lórí, kò sunkún, ó kàn ń bi wá pé kí lòun fẹ́ sọ fún bàbá òun. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Mo ní Bísọ́lá ti dáràn. Mo ní wọn yóò gba àyè méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò pè é ní oníjìbìtì, wọn yóò sì tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí PR wa, ìwé tí wọ́n fi gbà wá láyè láti máa gbé níbí. Bàbá tí kò níṣẹ́, ọmọ tó ní admission méjì, kí ló tún kù tí wọn ò ní fi kó wa padà sílé?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ṣáà ní òun yàn, mo bá wá ibi tí ènìyàn ti ń kọ àyè yunifásítì sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ṣe Bísímílà, mo tẹ̀ ẹ́. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà, mo pa á rẹ́ kí ọmọ má baà rí i. Mo pa laptop dé, mo lọ gé ilá. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé mo ti yọ wá nínú ewu.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni Bísọ́lá wá bá mi nídìí sítóòfù, níbi tí mo ti ń po ògì ìṣínu. Ó ní kí n má tíì sọ fún Daddy o, òun kò tíì jọ̀wọ́ àyè yunifásítì. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé wọn ló sọ fún òun pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn di méjèèjì mú títí di oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Daddy bá ríṣẹ́ kó tó dìgbà náà, yunifásítì lòun ń lọ. Bí kò bá rí, òun á lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “So I'm just praying, Mummy. Ẹ bá mi gbàdúrà.” Mo ní àmín. Ògì ti dì ní kókó lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo sá wọ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, mo pe yunifásítì. Mo ní èmi ni Bísọ́lá, mo ń fi ohùn ọmọdé sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ orí mi yìí. Obìnrin tó gbé fóònù ní wọ́n ti fún ẹlòmíràn láyè náà. Ó ní kí n gba ọ̀nà transfer wá lẹ́yìn ọdún méjì, bí èsì mi bá dára, bí àyè bá sì wà. Mo bi í bóyá ó dájú. Ó ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo fọwọ́ ara mi wọ́ ọ.

Gbọ́ èyí tó wá burú jù. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bójú tó omi pe Gbóyèga fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sì tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Bísọ́lá ló bá a lọ táì, ó ń kọrin. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni Gbóyèga bí o ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí pé kí n fi ààwẹ̀ mi ran òun lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní ìkírun, mo la ẹnu, àṣé ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí wọ́n má gbà á. Mùnírá, mo fi ààwẹ̀ lẹ́nu bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ mi má ríṣẹ́, nítorí kí ọmọ má baà lọ ṣí laptop rẹ̀. Oṣù méje ni ọkùnrin náà ti ń rìn kiri. Èmi fúnra mi ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ náà.

Ọlọ́run kò gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ Ajé yìí, wọ́n gbà á síṣẹ́. Ó wọlé, ó gbé mi sókè, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àjà. Ó ní kí Bísọ́lá lọ sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ó dìgbóṣe. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ ti sá wọ yàrá. Mo tẹ̀lé e, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó tó ṣí ẹ̀rọ náà. Mo sọ ti Ọláyínká, mo sọ ti PR. Ó ní, “Mummy, why didn't you just ask me?” Nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ìwọ, àgbà wo ló ń bi ọmọ léèrè kó tó ṣe ohun tó rò pé ó dára fún un?

Ó nu ojú rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé ó ń lọ fẹjọ́ mi sùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní òun ti kọ àyè yunifásítì sílẹ̀ láti oṣù Karùn-ún, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wu òun. Bàbá rẹ̀ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó wá gbójú sókè wò mí, ó mirí sí mi díẹ̀, pé kí n dákẹ́.

Mo sì dákẹ́. Ara tiẹ̀ tù mí. Ohun tó ń tì mí lójú jù láti kọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, bàbá kì í dáhùn. Ó sọ fún un lójú mi pé òun rìn títí bàtà òun fi gbó nítorí ọmọ tí kò mọyì nǹkan. Bísọ́lá ní, “Yes, sir.” Ó wá ń jí bá mi jẹ sààrì báyìí, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rárá.

Tẹ́lẹ̀, ìbínú Gbóyèga ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ṣì ń bà mí lẹ́rù, nítorí nígbà tí wọ́n lé e níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo lé e. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí ju ìyẹn lọ. Ọdún méjì ló fẹ́ fi ru ẹrù mi. Bí transfer náà kò bá bọ́ sí i, títí ayé ni bàbá rẹ̀ yóò máa sọ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yàn án, òun náà yóò sì máa ní, “Yes, sir.” Bó bá sì bọ́ sí i, yóò ti kọ́ lọ́dọ̀ mi pé irọ́ la fi ń fẹ́ràn ìyá ẹni.

Bá mi kí Ìyá, kí wọ́n fi mí sínú àdúrà. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí àwọn ìbejì, kí Ọpẹ́ àbúrò rẹ. Má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àpótí lẹ́tà pupa kan wà níbùdókọ̀ wa. Gbóyèga lọ fọwọ́ sí ìwé níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀, aago mẹ́fà ni yóò dé. Mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn pé mi ò ní ju lẹ́tà yìí sínú àpótí náà, àfi bí mo bá ti sọ ohun gbogbo fún un lójú Bísọ́lá. Nítorí náà, bó bá dé ọwọ́ rẹ, mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Tìrẹ náà ni mí, pẹ̀lú ẹ̀rù tó wà lára mi,

Serifat.