Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Fi Ọ̀rá Ṣe Gírísì Ọkàn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ má dárúkọ mi o, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé.

Mẹkáníìkì ni wọ́n. Dókítà ní ọ̀rá ẹran tí wọ́n ń jẹ láràárọ̀ ti ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn, pé ẹran ọkàn náà ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ẹ́ńjìnnì wo lẹ rí tí gírísì pa rí?"

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló ń fẹnu fẹ́ páìpù mọ́tò oníbàárà, tí wọ́n á máa bú onítọ̀hún pé epo ìdọ̀tí ló dí i. Ìyàwó wọn gbé ọbẹ̀ tí kò lọ́ràá wá, wọ́n ní ó fẹ́ sọ ara rẹ̀ di opó.

Lánàá, wọ́n jókòó sáàárín àtẹ̀gùn ilé, wọ́n di àyà mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gírísì ti tán ni?" Wọn ò lè bú mi. Ìyẹn ló já mi láyà.

Rédíò yín nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: ta ni yóò fẹ́ páìpù tiwọn?