Èmi Ni Mo Kọ Ìwé Áàpù Ẹ̀rọ Pákí

Pamílẹ́rìn ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìnira Èkó. Ṣé ara le dáadáa? Àwa tá a wà ní Owódé ò ṣàìsàn, bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Olúwa tó ń jí wa níbí ni yóò máa jí ìwọ náà lọ́hùn-ún. Inú mi ń dùn débi pé n kò lè jókòó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọ lẹ́tà yìí lórí ìdúró.

Àwọn ọmọ yunifásítì kan wá láti Alábàtà, wọ́n fẹ́ ṣe áàpù tí ẹgbẹ́ àwa onígaàrí yóò máa fi gba ipò nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ pákí. Azeezat lolórí wọn. Ó ní kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí èèyàn ṣe, àti èsì tí Sísítẹ́ẹ̀mù fún un. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Tíṣà Ọládipọ̀ ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, òun ló ni kíkọ. Àwọn ọmọ náà ní àwọn ló ń ṣe áàpù, àwọn ló ni ín. Ni wọ́n bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí Tíṣà ka tirẹ̀, òfin àti owó ìtanràn ló kún inú ẹ̀. Tàwọn ọmọ yẹn ní ẹni tí kò bá sí nítòsí nígbà tí wọ́n pè é, ipò rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, abọ́ ló ń tò, kì í ṣe èèyàn. A ó gbé abọ́ pákí kalẹ̀, a ó padà sóko. Àfúsá tó ń tọ́ ìbejì, bí ipò rẹ̀ bá lọ, pákí tó ti bó yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ, mo fẹ́ dákẹ́. Mo ní kí ni oníwèé mẹ́wàá bíi tèmi fẹ́ sọ níwájú Tíṣà. Àfúsá ló gún mi nígbọ̀nwọ́ pé ṣé mo máa wò wọ́n níran ni. Mo bá dìde, mo bi wọ́n pé abọ́ wa ńkọ́. Azeezat ní abọ́ wo. Bó ṣe gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìyẹn, ó ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ni kó sọ ọ́, òun á máa bi mí léèrè, èmi á máa kọ.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀gá wọn kan ni Sísítẹ́ẹ̀mù, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà, òun náà ní ẹ kú àárọ̀ màmá. Azeezat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. N kò tíì rí ọ̀gá yẹn sójú. Mo ti fi iṣu méjì rán Azeezat sí i.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n dán áàpù náà wò. Gbogbo abọ́ gba nọ́ńbà, fóònù Àfúsá sì dún lóko pé ó ti kan abọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sún abọ́ yẹn! Àwọn obìnrin gbé mi sókè, bí mo ṣe sanra tó yìí. Tíṣà fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní ti títa gaàrí ló kàn, ta ni kó kọ ọ́. Mo ní kó lọ gbé àpótí tirẹ̀ wá.

Jọ̀wọ́, fi owó jígí ojú ránṣẹ́ sí mi, iṣẹ́ ìwé ti pọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí. Níbi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́, orúkọ rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ pè. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Christianah